Kí Ilé Tó Dán Búlọ́ọ̀kù Wa Wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ máṣìn búlọ́ọ̀kù láti Mòwé dé Ìbafò, láti Sàngó Ọ̀tà dé Ìkòròdú. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi ṣọ́bìrì po yanrìn kí oòrùn tó yọ. Ẹ̀yin awakọ̀ típà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi orí ru omi àti kọnkéré ní sáìtì. Ẹ̀yin bíríkìlà tí ẹ ń ta okùn kí ògiri lè gún. Kò sí ilé kan nílẹ̀ yìí, ì báà jẹ́ ti gómìnà, ì báà jẹ́ ti opó tó ń fi owó àjọ kọ́ yàrá méjì, tí kò gba ọwọ́ yín kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò lọ́jú pọ̀. Mo fẹ́ kó di òfin láàárín àwa fúnra wa pé búlọ́ọ̀kù tí a kò dán irú rẹ̀ wò kò gbọdọ̀ kúrò ní ọgbà tí a ti mọ ọ́n, bíríkìlà kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ àwa òṣìṣẹ́ ni a ó máa dán an wò, kí a má retí ìgbà tó máa wu ọ̀gá tàbí ìgbà tí ìjọba máa rántí.

Ẹ wo ẹni tó máa ń wà lábẹ́ ilé nígbà tó bá wó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀. Èèyàn tó kú níbẹ̀ lé ní ogójì, òṣìṣẹ́ ló sì pọ̀ nínú wọn, àwọn tó jáde nílé láàárọ̀ láti wá owó oúnjẹ òòjọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ní Ìta Fàájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé tí iléèwé wà nínú rẹ̀ wó lé àwọn ọmọ kéékèèké lórí. Ọmọ ta ni wọ́n? Ọmọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó jẹun ni.

N kò sọ pé búlọ́ọ̀kù ló fa èyí tàbí ìyẹn. Òpó tí kò nípọn tó, irin tí kò pé, ìpìlẹ̀ tí kò jìn, àjà tí wọ́n lé sórí àjà láìgba ìwé àṣẹ, gbogbo wọn ló ní ọwọ́ nínú bí ilé ṣe ń wó nílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ní búlọ́ọ̀kù nìkan ni àrùn ilé ń tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: nínú gbogbo ohun tí a fi ń kọ́lé, èwo ni àwa fúnra wa ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń lọ símẹ́ǹtì. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń rọ irin. Búlọ́ọ̀kù ni tiwa, ẹ̀bá ọ̀nà àdúgbò wa ló ti ń jáde. Bí ó bá dára, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni. Bí kò bá dára, kò sẹ́ni tí a lè tì í sí lọ́rùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àpò símẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Tí a bá dà á jáde, ó kún nǹkan bíi lítà 35. Ìlànà ìkọ́lé orílẹ̀-èdè yìí, èyí tó jáde lọ́dún 2006, ní ìwọ̀n símẹ́ǹtì kan sí ìwọ̀n yanrìn mẹ́fà ni ká fi mọ búlọ́ọ̀kù. Ìyẹn ni pé bí àpò kan bá kún àwo kọnkéré méjì, àwo yanrìn méjìlá ló gbọdọ̀ bá a lọ. Búlọ́ọ̀kù onínǹṣì mẹ́sàn-án gùn ní mílímítà 450, ó fẹ̀ ní 225, ó ga ní 225. Tí a bá yọ ihò rẹ̀ méjèèjì kúrò, ohun tí a rọ sínú rẹ̀ tó nǹkan bíi lítà 14. Nígbà tí ọ̀gá bá wá sọ pé kí ẹ yọ búlọ́ọ̀kù 45 nínú àpò kan, kí ló ń bèèrè lọ́wọ́ yín? 45 lọ́nà 14 jẹ́ lítà 630. Ẹ fi 35 pín in: 18 ni. Símẹ́ǹtì kan, yanrìn bíi méjìdínlógún! Ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ìlànà gbà ni, kí a má tíì sọ bí yanrìn ṣe ń kì sí i nígbà tí máṣìn bá gbọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ máṣìn kò nílò ìṣirò yìí kí ẹ tó mọ̀. Ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Nígbà tí símẹ́ǹtì bá kéré, ẹ óò pò ó títí, kò ní dì mọ́ra. Bí ẹ bá sì ti ń gbé e kúrò lábẹ́ máṣìn sórí pákó ni etí rẹ̀ á ti máa já. Ẹ óò fi ọwọ́ tún un lẹ̀, ẹ óò rọra gbé e kalẹ̀ lọ́nà tí oníbàárà kò fi ní rí i. Mo ti rí ọmọkùnrin tó ń fi ìka rẹ̀ ran etí búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀, tó ń mi orí, tí kò sì wí nǹkan kan. Ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dára. Ṣùgbọ́n iye tó bá yọ lóòjọ́ ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí iye, iye náà ló máa lé. Ẹ̀bi ọmọ yẹn kọ́. Bí wọ́n ṣe to owó iṣẹ́ ló burú, ibẹ̀ sì ni a gbọdọ̀ ti kọ́kọ́ mú un. Màá padà débẹ̀.

Ìlànà 2006 yẹn kan náà ní kí a kó búlọ́ọ̀kù mẹ́fà tó ti pé ọjọ́ 28 lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ìpíndọ́gba agbára wọn kò gbọdọ̀ dín sí níútìnì 2 lórí mílímítà kan níbùú lóòró, èyí tó rẹlẹ̀ jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò sì gbọdọ̀ dín sí 1.75. Ẹ jẹ́ ká sọ níútìnì di ẹrù tí ojú wa mọ̀. Lórí búlọ́ọ̀kù onínǹṣì mẹ́sàn-án, tí orí rẹ̀ jẹ́ 450 lọ́nà 225, níútìnì 2 yẹn lé ní tọ́ọ̀nù 20. Ẹrù yanrìn inú típà ńlá kan nìyẹn, lórí búlọ́ọ̀kù ẹyọ kan. Ohun tó yẹ kí búlọ́ọ̀kù gidi lè gbé kó tó fọ́ nìyẹn.

Lọ́dún 2005, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde lórí búlọ́ọ̀kù láti ilé iṣẹ́ márùn-ún ní agbègbè Mínnà, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Èyí tó lágbára jù lọ nínú gbogbo wọn gbé níútìnì 0.75. Èyí tó rẹlẹ̀ jù gbé 0.11. Bí ẹ bá gbé 0.11 yẹn sórí búlọ́ọ̀kù onínǹṣì mẹ́sàn-án, tọ́ọ̀nù kan ó lé díẹ̀ ni, níbi tí à ń retí ogún. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé Mínnà jìnnà sí wa. Àwọn olùkọ́ pólì àti yunifásítì ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú, títí kan ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, léraléra ni wọ́n sì ń bá búlọ́ọ̀kù tí kò dé ìwọ̀n pàdé lọ́jà.

Ẹnìkan máa ní: bó bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ilé tí wọ́n fi í kọ́ ṣì dúró? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀tàn wà. Búlọ́ọ̀kù onínǹṣì mẹ́sàn-án kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ju kílò 25 lọ. Ìpele mẹ́tàlá ló ń gbé ògiri yàrá dé òkè. Ẹ ṣe àròpọ̀ rẹ̀: ẹrù ògiri tó wà lórí búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ pátápátá kò ju nǹkan bíi kílò 300 lọ, ká tó fi páànù àti igi òrùlé kún un. Búlọ́ọ̀kù tí kò lè gbé ju tọ́ọ̀nù kan lọ á gbé ìyẹn. Á dúró. Wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á ṣí ilé, àlejò á jẹ ìrẹsì, gbogbo èèyàn á kí onílé kú oríire. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òjò á ti máa ta sí ẹsẹ̀ ògiri, ilẹ̀ á ti máa fa omi gòkè. Àwọn ọmọ onílé á rówó díẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n sọ ilé Bàbá di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bíríkìlà tí wọ́n bá pè nígbà yẹn kò ní mọ irú búlọ́ọ̀kù tó wà nísàlẹ̀, nítorí símẹ́ǹtì ti bò ó, ọ̀dà sì ti bo símẹ́ǹtì. Á to búlọ́ọ̀kù tuntun lé ògbólógbòó, á da dẹ́kìn lé e. Kọnkéré tútù á wà lókè, bíríkìlà náà á sì wà lábẹ́ rẹ̀, òun àti lébìrà rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a dán an wò nísinsìnyí tó ṣì wà lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ náà kò le bí àwọn èèyàn ṣe rò. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí yanrìn, torí pé nígbà tí yanrìn bá burú, àpò símẹ́ǹtì mẹ́wàá kò lè tún un ṣe. Bí típà bá ti da yanrìn sílẹ̀, kí ẹnìkan mú ike omi tí inú rẹ̀ hàn síta, kó bu yanrìn láti àárín òkìtì náà, kì í ṣe láti orí rẹ̀ níbi tí òjò ti fọ̀ ọ́. Kó kún ike yẹn dé nǹkan bí ìlàjì. Kó da omi tí wọ́n po iyọ̀ díẹ̀ sí lé e, kó dé e, kó gbọ̀n ọ́n dáadáa, kó sì gbé e sí ibi tó tẹ́jú fún wákàtí mẹ́ta láìfọwọ́ kàn án. Yanrìn á rọlẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ á jókòó lé e lórí ní ìpele tí ojú lè rí, ó máa ń dúdú tàbí kó pọ́n díẹ̀, ó sì máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ẹ mú rúlà. Bí yanrìn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ẹrẹ̀ orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílímítà mẹ́jọ lọ. Bó bá ti jù bẹ́ẹ̀, ẹ fọ yanrìn náà tàbí kí ẹ dá típà padà. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má bínú: bí gbogbo ọgbà búlọ́ọ̀kù bá ń gbọ̀n ike, àwọn tó ń wa yanrìn á mọ ibi tó yẹ kí wọ́n máa wà á. Yanrìn etí òkun tí iyọ̀ kún inú rẹ̀, ẹ má gbà á rárá.

Ẹ wo ara àpò símẹ́ǹtì náà. Láti ọdún 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ìwọ̀n ojúlówó ọjà nílẹ̀ wa, ti là á kalẹ̀ pé èyí tí wọ́n kọ 32.5 sí lára, rírẹ́ ògiri ni wọ́n ṣe é fún. 42.5 ni ti òpó, ti dẹ́kìn àti ti búlọ́ọ̀kù. Nọ́ńbà náà wà lára àpò, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kà á. Èyí tó bá ti dì sí kókó nínú àpò, ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ tuntun.

Ọ̀rọ̀ omi ló dùn mí jù. Símẹ́ǹtì kì í le nítorí pé ó gbẹ. Omi ló ń mú un le. Bí omi bá tán lára búlọ́ọ̀kù kó tó parí iṣẹ́ rẹ̀, símẹ́ǹtì tó kù níbẹ̀ á sùn sínú rẹ̀ bí eruku, owó yín ti ṣòfò nìyẹn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kí a máa wọ́n omi sí i, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a fi tàpólì bò ó kí oòrùn má bàa fà á gbẹ. Ṣùgbọ́n kí là ń rí? Búlọ́ọ̀kù àná ti wà nínú ọkọ̀ lónìí. Oníbàárà ń kánjú, ọ̀gá ń wá owó, kànga ọgbà ti gbẹ, owó omi táńkà ti gorí. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí a lè ṣe sí búlọ́ọ̀kù, omi ló dínwó jù, òun ló sì ń fún un lágbára jù lẹ́yìn símẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn di iṣẹ́ ní ọgbà yín: kí ẹnìkan wà tí wọ́n ń sanwó fún nítorí omi nìkan, kó má jẹ́ ohun tí ẹni tó bá ráyè ń ṣe.

Fún ẹ̀yin bíríkìlà, ọwọ́ yín ni ìdánwò sáìtì wà. Ẹ mú búlọ́ọ̀kù méjì, ẹ fi wọ́n kan ara wọn. Èyí tó dára máa ń dún gbọnnu. Èyí tí kò dára á dún bọ̀ọ̀, nígbà míì etí rẹ̀ á ṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ fi ìṣó ha ara rẹ̀. Bó bá ń ya bíi pé ẹ̀ ń ha ilẹ̀ gbígbẹ, símẹ́ǹtì kò sí nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sókè dé ìbàdí, kí ẹ jẹ́ kó já bọ́ sórí ilẹ̀ líle. Èyí tó bá fọ́ túútúú ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú, torí máṣìn tó ti jẹ kì í mọ búlọ́ọ̀kù tó dọ́gba, búlọ́ọ̀kù tí kò dọ́gba ló ń jẹ́ kí ẹ fi símẹ́ǹtì nínípọn dí àárín ìpele. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù gbígbẹ kan sórí rẹ̀, kí ẹ wá rì í sínú omi di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún gbé e. Omi tó fà kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀: èyí tó jẹ́ kílò 22 ní gbígbẹ kò yẹ kó ju nǹkan bíi kílò 24 àti ààbọ̀ lọ.

Kí n sọ òótọ́ fún yín: ìdánwò ọwọ́ wọ̀nyí máa ń mú èyí tó burú jáì, wọn kì í mú èyí tó kàn sún mọ́ rere. Búlọ́ọ̀kù lè já bọ́ láìfọ́ kó má sì dé níútìnì 2. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ ìyẹn. Ẹni tí kò bá tíì wo ẹ̀rọ náà rí, ẹ wá ọ̀nà wò ó. Wọ́n á fi símẹ́ǹtì tẹ́ orí àti ìdí búlọ́ọ̀kù náà pẹrẹsẹ kí ẹrù lè bà á déédéé. Wọ́n á gbé e sáàárín irin pẹlẹbẹ méjì. Irin òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà á máa gòkè: ọgọ́rùn-ún, àádọ́jọ, ó ń lọ. Fún ìgbà díẹ̀ ẹ kò ní rí nǹkan kan lára búlọ́ọ̀kù náà. Lẹ́yìn náà ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á hàn ní igun, á sáré wá sí ibi ihò, ẹ óò gbọ́ "kà!", nọ́ńbà á dúró. Iye tó dúró sí, kílóníútìnì ni, òun ni wọ́n á fi ìwọ̀n orí búlọ́ọ̀kù pín. Ẹni tó bá mọ búlọ́ọ̀kù fún ọ̀pọ̀ ọdún tó sì rí ìyẹn lójú kò tún ní mọ búlọ́ọ̀kù bákan náà mọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Ẹ̀rọ yìí kò jìnnà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé ìdánwò ohun ìkọ́lé tirẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ilé àti ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní NBRRI, wà ní Ọ̀tà, láàárín yín gan-an. Àwọn pólì àti yunifásítì tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ilé kíkọ́ tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà ní ẹ̀rọ náà nínú láàbù wọn. Iṣẹ́ ni wọ́n fi í ṣe, owó ni wọ́n ń gbà, kò sì sí òfin tó ní ọ̀gá tàbí káńtírákítọ̀ nìkan ló lè gbé búlọ́ọ̀kù lọ síbẹ̀.

Mo wá padà sórí owó. Owó ìdánwò lè ga fún ọgbà kékeré kan, pàápàá ọgbà tó jẹ́ máṣìn kan àti ọmọ mẹ́ta. Nítorí náà ni mo ṣe ń ké sí ẹgbẹ́. À ń dá àjọ ìnáwó, à ń dá owó aṣọ ẹbí, à ń dá owó ìsìnkú ẹni tó kú lára wa. Kí ló dé tí a kò lè dá owó ẹ̀rọ? Bí ọgbà mẹ́wàá lójú ọ̀nà kan bá pawọ́ pọ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù, búlọ́ọ̀kù mẹ́fà láti ọgbà kọ̀ọ̀kan á sì máa lọ sí láàbù ní ìpín-ìpín. Kí ẹni tó máa ṣa mẹ́fà náà má jẹ́ ará ọgbà tó ni ín. Kí ó ṣà á láàárín òkìtì, kí wọ́n má wulẹ̀ mọ mẹ́fà aláràmàǹdà kan fún ìdánwò. Kí wọ́n fi ẹfun kọ ọjọ́ tí wọ́n mọ ọ́n sí ara òkìtì kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé èyí kò tíì tó tà.

Owó iṣẹ́ náà gbọdọ̀ yí padà. Ẹ béèrè fún un láìbẹ̀rù, kí ẹ sì béèrè lápapọ̀: iye àpò tí ẹ bá pò bó ṣe tọ́ ni kí wọ́n máa fi sanwó fún yín, kì í ṣe iye búlọ́ọ̀kù tí ẹ bá fà yọ nínú rẹ̀. Kí ẹni tí búlọ́ọ̀kù ọgbà rẹ̀ bá yege gba àfikún lé owó rẹ̀. Ọ̀gá tó bá ní òun kò lè san án, ẹ bi í léèrè iye tó ń pàdánù lórí èyí tó ń fọ́ nínú ọkọ̀, èyí tí oníbàárà ń dá padà, èyí tí etí rẹ̀ ń já lórí pákó. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá sọ ọ́, wọ́n á lé e, wọ́n á mú ẹlòmíràn. Bí gbogbo ọ̀nà Mòwé bá sọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà, ta ni wọ́n máa mú? Ẹ̀yin bíríkìlà lẹ máa ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó ń mọ búlọ́ọ̀kù kò lè dá a gbé, nítorí ọ̀gá wọn á ní oníbàárà kò bèèrè fún un. Ọjọ́ tí bíríkìlà bá ń bèèrè èsì ìdánwò kó tó ta okùn, ọjọ́ náà ni ọ̀gá máa mọ̀ pé ọjà ti yí.

Wọ́n á ní búlọ́ọ̀kù á wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, á wọ́n. Ẹni tó ń yọ 45 kò lè ta èyí tó tọ́ ní iye kan náà, n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó ń fi owó àjọ kọ́lé máa mọ̀ ọ́n lára, ẹlẹgbẹ́ wa sì ni. Ẹ bá a jókòó, ẹ ṣàlàyé fún un. Ẹ sọ fún un pé yàrá kan tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ pé sàn fún un ju yàrá mẹ́ta tí kò ní lè fọkàn balẹ̀ gbé ọmọ sí lọ. Ẹ ràn án lọ́wọ́ kó kọ́ ọ ní ìpele ìpele, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kọ́ tiwa. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wá di ẹni tó ń bèèrè èsì ní ọgbà tó kàn.

Nítorí náà, ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀, kí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ẹ máa sọ kí ẹ tó sọ ti aṣọ ẹbí. Ẹ yan ẹni méjì tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kí ọ̀kan jẹ́ bíríkìlà, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó ń tẹ máṣìn. Ẹ dá owó àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó dìde. Kí àwọn méjèèjì lọ bèèrè iye tí láàbù ń gbà, kí wọ́n ṣa búlọ́ọ̀kù mẹ́fà tó ti pé ọjọ́ 28 nínú ọgbà tó bá kọ́kọ́ yọ̀ǹda, kí awakọ̀ kan bá wa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọ̀dọ́ mélòó kan sì tẹ̀ lé wọn láti lọ fojú ara wọn rí i. Bí èsì bá dára, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu géètì ọgbà náà. Bí kò bá dára, ẹ tún àpò àti àwo kà, ẹ tún un mọ, kí ẹ sì gbé mẹ́fà míì lọ nígbà tó bá tún pé ọjọ́ 28.